Fọ́tò Tí Kò Rí Ẹni Rà

Ìrẹsì ti tán nínú abọ́, àwọn obìnrin ilé ti ń pín ike ìrántí, kí onífọ́tò tó ti láàbù dé. Ọ̀kadà ló já a sílẹ̀. Ó há àpò ìwé kan mọ́ abíyá, òógùn ti mu ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ó gba àárín àga kọjá lábẹ́ kánópì, ó yà sí òsì, ó dúró lẹ́yìn ìyá kan tí gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ nítorí ijó, ó sì gbé fọ́tò kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀, láàárín ìgò mínírà méjì.

"Màmá, ẹ wo ara yín."

Láti 1990 títí wọ 2000, bóyá ni òde ńlá kan wà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó tí ẹ kò ní rí irú ọkùnrin yìí. Olóde kọ́ ló pè é. Ẹni tí olóde pè wà lọ́tọ̀, òun ló ń tẹ̀lé ọkọ àti ìyàwó kiri, òun náà ni yóò kó tiwọn sínú álíbọ́ọ̀mù. Eléyìí wá fúnra rẹ̀ ni. Ó fi owó ara rẹ̀ ra fíìmù, ó fi owó ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, ó wá ń tà á fún ẹni tí kò sọ pé kó ya òun. Bí ẹ bá kọ̀, ó ti jẹ gbèsè nìyẹn. N kò mọ iṣẹ́ ọnà mìíràn tí wọ́n ń ṣèdájọ́ rẹ̀ kíákíá tó báyẹn.

Fọ́tò 36 ló wà nínú fíìmù kan. Bí òde bá dùn, yóò lo méjì, ìyẹn 72. Ẹ wá rò ó: ojú tó ju àádọ́rin lọ, aṣọ ẹbí kan náà, gèlè aláwọ̀ kan náà, abẹ́ kánópì kan náà. Nígbà tí yóò fi dé, ẹni tó jókòó ti dìde, ẹni tó wọ agbádá ti bọ́ ọ lé èjìká. Síbẹ̀ kì í ṣi ènìyàn mú. Mo bi bàbá onífọ́tò àdúgbò wa bó ṣe ń ṣe é. Ó ní òun kì í wo ojú, nítorí ojú a máa tan ni jẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, báàgì, bàtà, àti ẹni tí wọ́n jọ jókòó ni òun ń wò. Ó tún ní òun kì í ya fọ́tò káàkiri bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo: apá ọ̀tún ni òun ti ń bẹ̀rẹ̀, òun á sì yí po. Nọ́ńbà tó wà létí nẹ́gẹ́tíìfù á wá sọ fún òun ibi tí òun dúró sí nígbà tí òun tẹ kámẹ́rà.

Ṣùgbọ́n léèsì funfun ni a fi ń mọ ọ̀gá. Ohun tó ń wọn iná lára fìláàṣì kò mọ̀yàtọ̀ ojú àti aṣọ. Bó bá rí funfun tó pọ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀jù, á dín in kù. Léèsì á jáde fínnífínní, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Bó bá jẹ́ alẹ́, tí òkùnkùn wà lẹ́yìn, á da iná sílẹ̀ bí ẹni da omi, ojú á wá funfun bíi ti ẹni tó fi ẹfun kunra. Bàbá yìí kò gbọ́kàn lé ẹ̀rọ. Pentax K1000 ló ń lò, kò sì yí ìyára rẹ̀ kúrò lórí 60 bó bá ti ń lo fìláàṣì. Ìyókù, ẹsẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ẹni tó fẹ́ yà, ihò lẹ́ǹsì á wà lórí 8. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà, á ṣí i sí 5.6. Bí ó bá wá jẹ́ léèsì funfun, á tún ṣí i díẹ̀ sí i nítorí ojú. Bí kánópì bá funfun tí kò sì ga jù, á kọjú fìláàṣì sókè kí iná lè ti òkè rọ̀ wálẹ̀ sórí wọn.

Bátìrì mẹ́rin ló ń bọ́ fìláàṣì yẹn. Lẹ́yìn tó bá ti bù yẹ̀rì, ẹ óò gbọ́ ọ tó ń ké fíín-ín, tó ń gba agbára jọ. Bí bátìrì bá ti ń rẹ̀, ẹ óò ka ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá kí iná kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ tó tún pọ́n. Nítorí náà, bíi ọdẹ onísákábùlà ló ṣe ń ṣe. Bí ìbọn bá ti dún, ẹran lọ nìyẹn. Á dúró títí oníjó á fi yíjú, títí owó náírà á fi kan iwájú orí, nígbà náà ló tó tẹ̀ ẹ́.

Ní láàbù, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ kù sí. Kẹ́míkà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bíi 38 ní ìwọ̀n Celsius, fíìmù á sì lo ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá 15 nínú rẹ̀. Ìyẹn, ẹ̀rọ lè ṣe é. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe ni kó mọ àwọ̀ ara wa. Ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ń wo nẹ́gẹ́tíìfù tó pọ́n bí epo pupa, níbi tí eyín ti dúdú tí irun ti funfun, á sì pinnu iye pupa tàbí yẹ́lò tó yẹ kó dín tàbí kó fi kún un. Káàdì tí Kodak fi ń ṣàpẹẹrẹ bí awọ ara ṣe yẹ kó rí, obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Shirley ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ẹni tó bá tẹ̀lé Shirley ní Ìbàdàn, ebi ni yóò pa á. Ojú ara wọn ni àwọn ọmọ láàbù fi ṣe òdiwọ̀n, wọ́n sì ń ṣe é láàárín wákàtí kan, nígbà tí onífọ́tò ń rìn síwá sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà nítorí òde ti fẹ́ tú.

Ọgbọ́n ọjà kù. Bàbá kì í béèrè bóyá ẹ ó rà á. Ọmọ yín ló máa ń fún. Bí ọmọ bá sì ti fi ọwọ́ ọbẹ̀ di fọ́tò mú, ta ni yóò gbà á padà?

Àwọn fọ́tò yìí ló kún álíbọ́ọ̀mù ìyá mi. Ẹni tó bá ṣí i láti 1993 dé 1998 á rò pé àríyá la fi ọdún mẹ́fà náà ṣe. Ìdìbò June 12 tí wọ́n fagi lé, ìjọba Abacha, ìlà epo tí a sùn sí mọ́jú: kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Ta ló fẹ́ ra àwòrán ara rẹ̀ lórí ìlà epo? Ohun tí a bá fẹ́ san owó fún nìkan ni àwọn ọ̀gá wọ̀nyí fi pa mọ́ fún wa.

Lóde òní, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà ń ṣe pátì "90s". Wọ́n ń wọ léèsì ìyá wọn, wọ́n sì ní áàpù lórí fóònù tó ń sọ fọ́tò di ti ayé ìgbà yẹn. Mo wo iṣẹ́ áàpù náà dáadáa. Ojú pọ́n bí ojú ológbò lóru, fìláàṣì fọ́ iwájú orí, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, déètì aláwọ̀ ọsàn wà ní igun ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tí bàbá yẹn ń sá fún, òun ni wọ́n kó jọ. Iṣẹ́ tó dára kò ní àmì tí áàpù lè dì mú. Ẹni tó bá wò ó, ìyá rẹ̀ ló ń rí, kì í rí ọdún.

Ní ọdún tó kọjá, mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan lọ kí bàbá. Àpò sìmẹ́ǹtì kan wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀, fọ́tò tí kò rí ẹni rà ló kún inú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó ń tú u, ó ń pariwo bí ẹni rí wúrà. Ó mú ọ̀kan jáde: ọkùnrin kan ń jẹ ẹran, ẹnu rẹ̀ là, iná ti bo ìdajì ojú rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé ó ń ṣọ́ ọ.

"Bàbá, èyí ló dára jù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi."

Bàbá gbà á, ó gbé e jìnnà sójú díẹ̀, ó sì mi orí.

"Ó yẹ kí n sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan," ni ó wí.