Ọlẹ̀ Tí Ó Sọ, Oyún Tí A Ṣẹ́: Ààlà Nínú Àríyànjiyàn Judith Jarvis Thomson

Ní 1971, Judith Jarvis Thomson, onímọ̀ èrò-ìjìnlẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó pè ní "A Defense of Abortion". Láti ìgbà náà wá, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi lè kọ̀wé lórí oyún ṣíṣẹ́ láìgba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni pé ó yọ̀ǹda fún àwọn alátakò rẹ̀ ní ohun gan-an tí wọ́n ń jà fún: ó ní kí á gbà pé ènìyàn pípé ni ohun tí ó wà nínú ìyá láti ọjọ́ tí a ti lóyún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó pa ìtàn kan. Ẹnì kan jí ní òwúrọ̀, ó bá ara rẹ̀ lórí ibùsùn, wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ gbajúmọ̀ olórin kan tí ń ta fáólìn, tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ orin ni wọ́n jí i gbé, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni ó bá ti olórin náà mu. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni, wọ́n ní. Lẹ́yìn náà ara olórin yóò yá. Bí ó bá dìde, olórin yóò kú. Ṣé dandan ni kí ó dùbúlẹ̀?

Ìdáhùn Thomson ni pé inú rere ni dídùbúlẹ̀ yóò jẹ́, kì í ṣe gbèsè. Ẹ̀tọ́ láti wà láàyè kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti lo ara ẹlòmíràn.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tọ́ka sí àpilẹ̀kọ yìí gbàgbé pé ààlà kún inú rẹ̀. Thomson sọ pé ẹ̀tọ́ láti tú ara ẹni sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti rí i dájú pé ọmọ náà kú. Bí ó bá yè lẹ́yìn tí wọ́n ti yà á kúrò lára ìyá, kò sí ẹni tí ó lè béèrè ẹ̀mí rẹ̀. Ó tún sọ pé ìwà tí kò bójú mu ni kí obìnrin tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ nítorí pé kò fẹ́ sún ìrìnàjò òkè òkun rẹ̀ síwájú. Ààlà kejì yìí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró tì. Níbo ni oṣù keje ti wá? Bí ènìyàn bá ni ọmọ inú láti ọjọ́ kìíní, oṣù kejì àti oṣù keje dọ́gba. Ẹni tí ó fẹ́ gbèjà Thomson lè sọ pé ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ìyà tí ó kù fún ìyá ní oṣù keje kéré. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyà tí ó kù ni ó mú kí àpẹẹrẹ náà gún òǹkàwé lára. Ohun tí ó gún un ni ìmọ̀lára pé ohun tí ó wà nínú oyún oṣù méje ti kúrò ní ohun tí ó jẹ́ ní oṣù kejì. Thomson ti ti ìmọ̀lára yìí sóde láti ẹnu ọ̀nà, ó sì gba ojú fèrèsé wọlé.

Èdè Yorùbá kò tì í sóde rárá. Obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ́, ó fẹ́ra kù. Lẹ́yìn èyí a sọ pé ó lóyún: ipò tí ìyá wà ni oyún, kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Ohun tí ó wà nínú oyún ni ọlẹ̀, ọjọ́ kan sì ń bẹ tí ọlẹ̀ yóò sọ. Gbólóhùn yìí náà ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá lò nínú ìwé Lúùkù nígbà tí Èlísábẹ́tì, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà, gbọ́ ìkíni Màríà. Lẹ́yìn ìbímọ, ìkókó ni títí ọjọ́ kẹjọ fi pé tí yóò gba orúkọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí ó jẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé àwọn tí ń sọ èdè náà rí ìpele níbi tí Thomson, nítorí àríyànjiyàn rẹ̀, gbà láti má rí i.

Ọlẹ̀ tí ó sọ ní agbára kan tí ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà kò ní: ìyá nìkan ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ wà. Adájọ́ kò lè ka ohun tí ẹnu ìyá nìkan lè jẹ́rìí sí, àwọn obìnrin kò sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan náà. Òfin àjogúnbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo irú ààlà yìí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó pa á rẹ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí òfin 1861 dé, kò sí ìpele nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n kó wá fún Nàìjíríà nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn 1916 nìyẹn. Abala 228 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ẹni tí ó bá gbìyànjú láti ṣẹ́ oyún obìnrin, abala 229 fi ọdún 7 sórí obìnrin náà, ìbáà ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra kù ni. Síbẹ̀, abala 307 nínú òfin kan náà kò ka ọmọ sí ènìyàn tí a lè pa títí yóò fi jáde láàyè tán nínú ara ìyá rẹ̀. Ṣe ni òfin ọ̀hún fi ìyà jẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ka ènìyàn ní ìparí.

Àwọn kan máa ń fi òwe dí àlàfo yìí. Wọ́n á ní Yorùbá ti dá ẹjọ́ náà: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èyí kò tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni gbólóhùn yẹn, fún ìyá tí oyún rẹ̀ bàjẹ́ tàbí tí ìkókó rẹ̀ kú. Ohun tí a fi tu ẹni tí àjálù bá nínú kò lè di ìwé àṣẹ fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe ohun kan. Ohun tí ó jẹ́rìí sí kò kọjá èyí: nígbà tí a kò bá lè gba méjèèjì là, ìyá ni agbè. Ó sì tó fún ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, nítorí abala 297 gba dókítà láàyè láti ṣiṣẹ́ abẹ lórí ọlẹ̀ kí ẹ̀mí ìyá má baà bọ́. Irú àṣìṣe kan náà ni ti àwọn tí ń fi àkúnlẹ̀yàn ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn ti wà kí oyún tó dúró. Bí orí bá ti yan kádàrá lọ́run, a kò tíì mọ̀ bóyá pípadà sọ́run kì í ṣe ara ohun tí ó yàn; àbíkú ṣe tán láti dá wọn lóhùn.

Ewu tí ó wà nínú àìsí ààlà tí ó hàn kedere kì í ṣe ti orí ìwé. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 gbà kí a ṣẹ́ oyún nítorí ẹ̀mí ìyá àti ìlera ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lórí ohun tí òfin yìí ti gbà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Keje, lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́sìn fárí gá, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú dá ìwé náà dúró. Òfin wà níbẹ̀ síbẹ̀. Dókítà tí obìnrin tí ìfúnpá rẹ̀ ti ga wà níwájú rẹ̀ ní láti dá túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì máa ro ti ẹ̀wọ̀n.

Ohun kan tún wà tí ìtàn olórin fáólìn kò ní rárá. Àjèjì ni Thomson fi so mọ́ àjèjì, àwọn tí wọ́n so wọ́n pọ̀ sì pòórá lẹ́yìn ìjínigbé. Bẹ́ẹ̀, oyún kò pọ̀ láyé tí kò ní ẹnì kẹta. Àmì kékeré kan abẹ́ lẹ́tà ni Yorùbá fi ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀: sẹ́ oyún, ìyẹn kí ọkùnrin ní òun kọ́, ṣẹ́ oyún, ìyẹn ohun tí obìnrin máa ń wá ṣe nígbà púpọ̀ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Abala 229 ń dúró de ẹni tí ó ṣẹ́ ẹ. Abala 230 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 dúró de ẹni tí ó ta oògùn fún un. Fún ẹni tí ó sẹ́ ẹ, kò sí abala kankan.