Ìdánwò Okun Ara àti Kíláàsì Aerobics: Ta Ni Máàkì Náà Wà Fún?

Ìdánwò okun ara tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń ṣe lọ́dọọdún ní Ṣáínà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Àwọn kan ń dá a lábàá pé kí olùkọ́ aerobics fi èsì rẹ̀ tún kíláàsì wọn ṣe. Àbá gidi ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú èsì yẹn ná.

Ìlànà tí wọ́n tún ṣe ní 2014 pín máàkì 100 sí ọ̀nà 7. Ìwọ̀n ara sí gíga ní 15, agbára ẹ̀dọ̀fóró 15, eré 50 mítà 20, jíjókòó na ọwọ́ kọjá ẹsẹ̀ 10, fífò síwájú láti ojú kan 10. Fífa ara sókè lórí irin fún ọkùnrin, tàbí sit-ups fún obìnrin, ní 10. Eré gígùn, 1000 mítà fún ọkùnrin, 800 fún obìnrin, ní 20. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ní tó 50 nígbà tó fẹ́ jáde, ìlànà ní kò gbọdọ̀ gba ìwé-ẹ̀rí àṣeyege. Ọ̀rọ̀ ò kéré o!

Níbo wá ni aerobics wà nínú rẹ̀? Nínú aerobics, ọkàn á máa lù kíkankíkan fún ìgbà pípẹ́, ẹsẹ̀ á sì máa bá orin rìn. Eré 50 mítà tí ènìyàn ń sá tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kò sọ ìyẹn fún olùkọ́ kankan. Síbẹ̀, máàkì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti nína ara. Tí olùkọ́ bá fi àpapọ̀ máàkì pín kíláàsì, asáré tí èémí rẹ̀ kì í pẹ́ tán á wọ ẹgbẹ́ àwọn alágbára, á sì máa mí hẹlẹ nídìí orin.

Èmi á ní kó gbàgbé àpapọ̀, kó ka ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí eré gígùn rẹ̀ kò dáa, kó fi ìjó tí ẹsẹ̀ kan ń wà nílẹ̀ nígbà gbogbo bẹ̀rẹ̀, fífò ṣì ń bọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó máa na ara ní ìparí kíláàsì, nígbà tí iṣan ti gbóná.

Ìṣòro kejì tún wà: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò tó. Gbogbo olùkọ́ ló mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Harvard Step Test ti 1943 bá kíláàsì yìí mu ju eré pápá lọ: àpótí, aago, gígùn àti sísọ̀ ní ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà kí a ka ìlù ọkàn. Àpótí tí wọ́n lò fún ọkùnrin ga tó ínǹṣì 20, ó ga jù fún ẹni kúkúrú. Ẹ lo èyí tó rẹlẹ̀, kí ìṣẹ́jú náà dín kù, àmọ́ ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ láàárín sáà, kí a lè fi Oṣù Kẹta akẹ́kọ̀ọ́ wé Oṣù Kẹfà rẹ̀. Orin kíláàsì gan-an lè máa ka ìgbésẹ̀ fún wọn.

Ti ìwọ̀n ara ńkọ́? Kí ó wà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ọmọ tí wọ́n bá ka kílò rẹ̀ síta lójú ẹgbẹ́, kíláàsì tó nílò jù lọ ló máa sá fún.