Àpótí Tí Kò Gbọdọ̀ Kọrin

Ọ̀gá kì í bèèrè iye kí wọ́n tó kan pákó. Ní ọjà pákó Bódìjà, n'Ìbàdàn, àjákù MDF láti ara iṣẹ́ àwọn tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń ṣà, torí owó odindi pákó ti pọ̀ jù fún àpótí sípíkà kékeré méjì. Wọ́n á gbé àjákù kan sókè ní igun, wọ́n á fi kókó ìka gbá a láàárín, wọ́n á sì tẹ́tí. Èyí tó bá ń dún lọ, wọ́n á dá a padà. Èyí tó bá dún “kò” tó sì dákẹ́ ni wọ́n ń mú.

Ẹni tó ń kan agídìgbo ń wá pákó tí yóò bá irin orí rẹ̀ gbe ohùn. Òdìkejì rẹ̀ ni ti sípíkà. Bébà sípíkà nìkan ló yẹ kó máa mì. Bí ẹ̀gbẹ́ àpótí bá dá sí i, ohùn akọrin á dà bíi ti ẹni tó ti orí bọ ìkòkò sọ̀rọ̀.

Ìwọ̀n wọn rọrùn débi pé mo rẹ́rìn-ín. Pákó mẹ́rin tó jẹ́ 12 sí 7½ íǹṣì, méjì tó jẹ́ 6 sí 7½, gbogbo rẹ̀ nípọn ¾: àpótí kan nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn, ìwọ̀n kan náà ni. Òkè àti ìsàlẹ̀ ló kúrú, torí àárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń wọ̀ sí. Inú rẹ̀ á gba bíi lítà méje àtààbọ̀ afẹ́fẹ́, èyí tó tó fún wúfà (sípíkà béèsì) íǹṣì 5.

Ayùn ọwọ́ ni wọ́n ń lò. Kì í gun orí ìlà. Ẹ̀gbẹ́ ìlà ló ń gbà, níhà ibi tí a máa sọ nù. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fa ìlà lórí pákó gígùn kan ní íǹṣì 12, 12, 12, láìfi àyè sílẹ̀.

“Ibo ni ayùn ó ti jẹun?” ni ọ̀gá bi í.

Ọmọ náà pa ìlà rẹ́, ó sì tún wọn fà. Lẹ́yìn tí ayùn kọjá, ọ̀gá to àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dọ́gba léra, wọ́n dì wọ́n pọ̀, wọ́n sì rin etí wọn lẹ́ẹ̀kan náà lórí sáńpépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì, títí ìka kò fi mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Ihò wúfà ló gba sùúrù jù. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ìṣó ní ìdí àti ihò pẹ́ńsù lórí ni kọ́ńpáàsì wọn. Ẹ̀yìn wúfà ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ojú rẹ̀, torí etí irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó lé pákó. Wọ́n fi dìrílì lu ihò wẹ́wẹ́ yí ìlà náà ká láti inú, wọ́n fi ayùn ẹlẹ́nu tín-ín-rín já wọn pọ̀, wọ́n wá mú fáìlì. Wọ́n á gbé wúfà wọ̀ ọ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fá díẹ̀ sí i. Kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ jó nínú ihò.

Etí MDF ń mu gọ́ọ̀mù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kùn ún lẹ́ẹ̀mejì: àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó fà á mu tán, ìkejì ló ń lẹ̀ ẹ́. Kò sí kílámù ní ṣọ́ọ̀bù náà. Tíúbù ọ̀kadà tí wọ́n là ní tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fà le, tí wọ́n wé yí àpótí ká títí gọ́ọ̀mù fi yọ sójú ìsopọ̀ ní ìlà kan tí kò já. Ibi tí kò bá ti yọ ni ọ̀gá ń fura sí. Lẹ́yìn náà ni tépù, láti igun dé igun ní ìdábùú, lọ́nà méjèèjì. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ọ̀kan fi díẹ̀ gùn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ti àwọn igun rẹ̀ wọlé, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n sì lọ jẹun.

Inú ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ti kú ni wúfà àti túwítà (sípíkà kékeré fún ohùn òkè) ti wá, àmì ẹ̀yìn wọn sì ti pa rẹ́. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, 1.5 fóltì, ni wọ́n fi kàn wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Bí bébà wúfà bá sún síta, ibi tí orí bátìrì wà ni wọ́n á fi bírò pupa sàmì sí. Bí ọ̀kan nínú sípíkà méjì bá ń sún síta nígbà tí èkejì ń wọlé, wọ́n á jẹ béèsì ara wọn tán.

Wọ́n so wúfà tààrà. Túwítà kò gbọdọ̀ rí béèsì, torí ó lè jóná. Kapásítọ̀ ló ń dá béèsì dúró. Àwọn kapásítọ̀ tó wà nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ rere àti ẹsẹ̀ òdì, bẹ́ẹ̀ iná ohùn ń lọ, ó ń bọ̀. Ọ̀gá mú méjì, 10 µF kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi léèdì lẹ ẹsẹ̀ òdì wọn mọ́ra. Ó di ẹyọ kan tó jẹ́ 5 µF, tí ibi yòówù tí iná bá gbà wọlé kò dà láàmú. Fún túwítà 8 ohm, ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 4,000 Hz á máa dínkù.

Ọ̀dà ni àwọn tó ń kọjá ń yìn. Iṣẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Wọ́n ti òwú ìrọ̀rí sínú, wọ́n fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ etí wúfà, wọ́n sì dè é ní síkúrù. Ọ̀gá wá fi ìka mẹ́rin ti bébà wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó rọra ń padà bọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò níbì kan, kíá ni ì bá ta padà. Irú àpótí dídì yìí ni Edgar Villchur gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1954 nínú sípíkà AR-1: afẹ́fẹ́ tí a há mọ́nú ló ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì.

Àpàlà Hàrúnà Ìṣọ̀lá ni wọ́n fi dán an wò, nítorí agídìgbo inú rẹ̀. Irin tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù ń dún, ọ̀gá sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí, ẹ̀gbẹ́, òkè, ẹ̀yìn. Lórí ẹ̀yìn àpótí kejì, ọwọ́ wọn dúró. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n tú wúfà, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ igi kan dábùú ẹ̀yìn náà láti inú, wọ́n sì ní kí ọmọ wọn mú pẹ́ńsù wá. Wọ́n kọ ọ́ sára pákó nínú lọ́hùn-ún, fún ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú: “10 àti 10, òdì mọ́ òdì.”