Oríta Igun: Àtúngbéyẹ̀wò Ayò Blokus

Blokus jẹ́ ayò ẹlẹ́ni mẹ́rin tí Bernard Tavitian, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe, tó sì jáde lọ́dún 2000. Ọpọ́n rẹ̀ ní ojú 400, 20 ní ìbú, 20 ní òró. Ègé 21 ló wà lọ́wọ́ ọ̀tayò kọ̀ọ̀kan, ní àwọ̀ búlúù, yẹ́lò, pupa tàbí ewé. Èyí tó kéré jù jẹ́ ojú kan. Àwọn tó tóbi jù jẹ́ ojú márùn-ún tó fẹ̀gbẹ́ so mọ́ra.

Nítorí àwọn ègé yìí ni àwọn lámèyítọ́ kan ṣe ń ka ayò náà sí ọmọ Solomon Golomb, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà tó sọ irú ìrísí bẹ́ẹ̀ ní polyomino lọ́dún 1953, tó sì kọ ìwé lé e lórí lọ́dún 1965. Ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1907, Henry Dudeney ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ègé olójú márùn-ún 12 àti ègé olójú mẹ́rin kan bo ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì láìṣẹ́ku àyè kankan. Ìtàn yìí kò lábùkù. Ibi tí wọ́n gbé e gúnlẹ̀ sí ló burú: pé iṣẹ́ dídí àyè ni Blokus náà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka òfin rẹ̀ kò yẹ kó kọ irú rẹ̀ sílẹ̀.

Ègé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bo igun ọpọ́n. Lẹ́yìn náà, ègé tuntun gbọ́dọ̀ fi igun kan ègé aláwọ̀ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ kàn án. Ohun tí Dudeney ń wá gan-an ni òfin yìí sọ di èèwọ̀. Ojú 356 sì ni gbogbo ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwọ̀ ní. Bí wọ́n tilẹ̀ wọlé tán, ojú 44 yóò ṣófo.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ègé olójú márùn-ún tó dà bí àgbélébùú. Ìyọnu ló jẹ́ fún ẹni tó ń dí àyè, torí kòtò mẹ́rin tó wà láàárín apá rẹ̀. Nínú Blokus, aláwọ̀ kan náà kò lè wọ àwọn kòtò yẹn láé, ṣùgbọ́n igun mẹ́jọ ló yọ síta. Bí a bá yọ èyí tó gbà wọlé, ọ̀nà méje ló ṣẹ́kù. Igi gbọọrọ olójú márùn-ún ní mẹ́ta péré. Àgbélébùú yìí nìkan, nínú ègé 21, ni kò lè bo igun ọpọ́n, nítorí náà kò lè ṣíde ayò. Ẹni tó bá sì fi í pamọ́ pẹ́ jù kì í rí ibi tó fẹ̀ tó láti gbé e sí mọ́.

Ṣùgbọ́n ìrísí ègé kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀, oríta ni. Nínú ojú mẹ́rin tó yí oríta kan ká, kí búlúù gba òkè lápá òsì àti ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí pupa gba méjì yòókù. Búlúù so pọ̀, pupa so pọ̀, ní oríta kan náà, ẹnì kan kò sì dínà ẹnì kejì. Ìlà tí a fi igun so kì í ṣe ògiri. Ẹni tó fẹ́ dá alátakò dúró gbọ́dọ̀ jókòó sí ojú tí igun rẹ̀ kọjú sí gan-an. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ọmọ ayò ni à ń kó. Níbí, ọ̀nà nìkan ni à ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Èyí ló sọ ègé olójú kan di iyebíye. Ọ̀pọ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń tètè jù ú sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú kan ṣoṣo ló nílò láti gba oríta tó há jù lọ kọjá. Ojú kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ń yọ máàkì kan. Ẹni tó gbé gbogbo ègé rẹ̀ sílẹ̀ ń gba 15, ó sì ń gba 5 sí i bí ègé kékeré yìí bá jẹ́ ìkẹyìn.