Ojú Janus Lára Owó Idẹ Róòmù

Àwọn awo kan rí Janus olójú méjì lára owó idẹ Róòmù, wọ́n ní Èṣù ni. Àwa ò gbà. Owó náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 225 ṣáájú Kristi, ojú òrìṣà ni wọ́n fi ń mọ iye owó: Janus wà lórí èyí tí wọ́n ń pè ní as, Saturn lórí ìdajì rẹ̀. Nígbà ayé Nero, ní nǹkan bí ọdún 65 lẹ́yìn Kristi, orí ọba ló gba iwájú. Ilé Janus tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ló kù lẹ́yìn, láti fi hàn pé ọba ti parí ogun. Ká tó fi òrìṣà wọn wé tiwa, ẹ jẹ́ ká bèèrè ná: ta ló ni ojú owó, ta ni wọ́n tì sẹ́yìn?