Agbára àti Ọgbọ́n Ogun Kírìjí Nínú Ìwé Johnson

Samuel Johnson wà lára àwọn tó gbé iṣẹ́ àlàáfíà lọ sí ibùdó ogun méjèèjì ní 1886. Síbẹ̀, nínú The History of the Yorubas, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ló fi wo Ogun Kírìjí jù.

Agbára Ìbàdàn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: àwọn tí ogun ti mọ́ lára ni Ààrẹ Látòóṣà kó lọ. Èkìtìparapọ̀, lábẹ́ Ògèdèǹgbé, gbára lé ìṣọ̀kan ìlú púpọ̀ àti ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ wọn ní Èkó ń fi ránṣẹ́. Ìró ìbọn ló bí orúkọ Kírìjí.

Ṣùgbọ́n ìbọn nìkan kọ́ ló ká Ìbàdàn lọ́wọ́ kò. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà òkun mọ́ ọn, Ìlọrin sì ń bá a jà ní Ọ̀fà. Ìdí nìyí tí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 kò fi ní aṣẹ́gun títí tí ibùdó fi tú ní 1893.

Ní kíláàsì Ṣómólú àti Bàrígà, ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Èkìtì lè jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Olùkọ́ tó bá gbára lé Johnson nìkan lè sọ ọ̀kan di akọni, kí ó sọ èkejì di ọlọ̀tẹ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó yẹ kí ìtàn àtẹnudẹ́nu Òkè-Ìmẹ̀sí àti Iléṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà.