Ìwé Roget Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá: Àyẹ̀wò Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Kọ́ Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì Tí Ìtumọ̀ Wọn Jọra

1. Ìfáárà

Ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa pé kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀rọ̀-ìṣe kan sí ojú pátákó, kí ó to márùn-ún tàbí mẹ́fà mìíràn tì í, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ há gbogbo wọn sórí. Èrò tí ó wà lẹ́yìn àṣà yìí ni pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn ọ̀rọ̀ náà ń ṣe, àti pé ẹni tí ó bá mọ púpọ̀ nínú wọn ni ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù. Ìwé kan tí a sì sábà máa ń fà lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ fún iṣẹ́ yìí ni Thesaurus tí Peter Mark Roget ṣe. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti yẹ ìwé náà wò gẹ́gẹ́ bí ohun-èlò akẹ́kọ̀ọ́. Èrò wa ni pé ìwé náà dára fún iṣẹ́ tí Roget tìtorí rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn kọ́ ni àwa ń fi í ṣe.

2. Ohun tí Roget ṣe

Oníṣègùn ni Roget. Ọdún 1779 ni a bí i, ó sì kú ní 1869. Ní 1805 ni ó ti to àkójọ ọ̀rọ̀ kan fún ìlò ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1852 ni ìwé náà tó jáde. Kò tò ó ní ti a-b-d bí ìwé atúmọ̀-èdè. Èrò ni ó tò: ó pín wọn sí ìsọ̀rí ńlá mẹ́fà, ó sì tún pín àwọn wọ̀nyí títí wọ́n fi di orí 1,000. Ẹni tí èrò ti wà lọ́kàn rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbé e jáde kò sì wá sí i lẹ́nu, ni ìwé náà wà fún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ti fojú kàn án, yóò dá a mọ̀.

Roget fúnra rẹ̀ kò fi èyí pamọ́. Ó sọ nínú ìfáárà ìwé rẹ̀ pé òun kò dá a lé láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọra, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, àwọn mìíràn sì ti ṣe é. Òótọ́ ni: Hester Lynch Piozzi ti ṣe ìwé lórí rẹ̀ ní 1794, George Crabb sì ṣe tirẹ̀ ní 1816. Nítorí náà, ẹ̀bi Roget kọ́ ni bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì bá ọ̀rọ̀ kan pàdé rí bá ṣí ìwé náà, tí ó sì mú èyí tí ó gùn jù.

3. Ohun tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ fi pamọ́

Ẹ jẹ́ kí á wo "begin", "start" àti "commence". A lè fi èyíkéyìí nínú wọn sọ pé ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ni ènìyàn fẹ́ ṣáná sí, "start" nìkan ni ó lè lò. Bákan náà ni "ask", "question" àti "interrogate". Èkínní jẹ́ ọmọ bíbí inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Èkejì wá láti inú èdè Faransé, tí ó rọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní 1066. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti Látìn. Ọ̀rẹ́ ń "ask" ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá ni ó ń "interrogate" ẹni tí ó mú. Ẹni tí ó bá kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ "interrogate" rẹ̀ nípa owó ilé-ẹ̀kọ́ ti sọ bàbá di ọ̀daràn láìmọ̀.

Èyí tí ó léwu jù ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń tò sí abẹ́ "kill". Ẹran ni a sábà máa ń "slaughter". Ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún ni a ń "execute". Ẹni tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa lọ́nà tí kò bófin mu ni a "murder". Ká ní olùjẹ́jọ́ kan sọ ní kóòtù pé, "Èmi ni mo pa á." Bí ògbufọ̀ bá sọ "kill", ohun tí ọkùnrin náà wí ni ó wí. Bí ó bá sọ "murder", ó ti gba iṣẹ́ adájọ́ ṣe. Nínú Criminal Code ilẹ̀ Nàìjíríà, ikú ni ìpín 319 gbé kalẹ̀ fún "murder". Fún ìpànìyàn tí kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni ó pọ̀ jù ní ìpín 325. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ̀mí ènìyàn lè rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo.

4. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ láti ilé

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò ṣàìmọ ìlànà yìí nínú èdè tirẹ̀. Ẹ wo àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(i) Ìkòkò fọ́.
(ii) Igi ṣẹ́.
(iii) Okùn já.
(iv) Ó yẹ àdéhùn.
(v) Ó rú òfin.

"Break" nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì lè fi sọ márààrún. Síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé okùn fọ́ tàbí pé ìkòkò já. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. A kò lè fi "ṣẹ́" pààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn kí òwe náà má bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ń pọn ọmọ, tí ó sì ń ru igi. Ẹni tí ó bá ní òun pọn igi yóò di ẹni ẹ̀rín. Olùwà àti àbọ̀ ni ó ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá wọn mu. Ohun tí J. R. Firth tẹnu mọ́ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nìyí: pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó máa ń bá ọ̀rọ̀ kan rìn jẹ́ ara ìtumọ̀ rẹ̀.

5. Àríyànjiyàn kan

Ẹnìkan lè sọ pé láìsí ìtòlẹ́sẹẹsẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa tún lò nínú àròkọ rẹ̀. A gbà pé ó nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí a kò gbà ni pé kí a fún un ní ọ̀rọ̀-ìṣe ní ìhòòhò, láìsí olùwà, láìsí àbọ̀. A. S. Hornby, tí ó kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Japan, mọ èyí. Nínú ìwé atúmọ̀-èdè tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe níbẹ̀ ní 1942, wọ́n fi irú gbólóhùn tí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan lè wọ̀ hàn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú ti Roget lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

6. Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé kí a ju Thesaurus nù. Kí ó di ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lè dá ọ̀rọ̀ mọ̀ kí ó tó máa wá a níbẹ̀. Títí dìgbà náà, kí olùkọ́ kọ "fọ́", "ṣẹ́" àti "já" sí ojú pátákó ná, kí ó bi àwọn ọmọ ohun tí ó ń fọ́, ohun tí ó ń ṣẹ́ àti ohun tí ó ń já, kí ó tó wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà nípa "start" àti "murder". Ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ẹni tí wọ́n ń bá rìn sàn ju ogún tí ó kàn há sórí lọ.